Igbà Bàbá Ìbídùnní

Ọ̀pẹ kan dúró láàárín pálọ̀ wa. Ó jáde láti inú símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó mi, ó sì gba inú àjà kọjá sókè. Símẹ́ńtì náà kò là. Ẹnì kan ti gbálẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká dáadáa. Aago ara ògiri ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, mo sì gbà á gbọ́.

Bàbá ìyàwó mi wà lókè ọ̀pẹ náà. Oyèwùsì ni orúkọ rẹ̀, akọ̀pẹ ni ní abúlé Ìdí-Ìyeyè, ó sì ti kú láti ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láàárín àwọn imọ̀. Ọwọ́ lásán ni ó fi di imọ̀ mú. Akọ̀pẹ máa ń so igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká kí ó tó gòkè, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́. Igbà tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Dìde, àna mi," ó wí. "Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mo dúró dè. Bá mi wá igbà mi. Tí oòrùn bá kan àtàrí mi, ọwọ́ mi á rẹ̀, mo máa já bọ́ sórí tábìlì yín."

Lẹ́yìn náà ó súfèé ohùn méjì, re, dò. Igbà ni ó ń pè. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, dò-re-mí ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa ní ohùn èdè. Dò wà nísàlẹ̀, re wà láàárín, mí wà lókè. N kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Ìbídùnní, ìyàwó mi, dúró sí ìdí ọ̀pẹ pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́. A sin ín ní oṣù kẹta. Ó ró ìró aláwọ̀ aró tí ó máa ń ró tí ó bá fẹ́ kọ̀wé. Mo ní kí ó jókòó.

"Báwo ni mo ṣe máa jókòó, Bàbá Dọ̀tun?" ó wí. "Bàbá mi ń bẹ lókè láìní igbà."

Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Mo wo àga rẹ̀. Tìmùtìmù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tẹ̀ ní ibi tí ó máa ń fara tì.

Ọ̀rọ̀ kún ara ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé ọwọ́ mi sì ni. Mo dúró, mo kà á, nítorí n kì í fi nǹkan tí a kọ sílẹ̀ láìkà á. Ó ní ìyàwó mi kọ ìwé mẹ́fà nípa Ìdí-Ìyeyè. Èkíní wà lórí iṣu. Èkejì sọ bí àwọn baba ńlá abúlé náà ṣe sá fún ogun, tí wọ́n sùn sábẹ́ igi ìyeyè kan, tí wọn kò sì lọ mọ́. Ẹ̀kẹta wà lórí àwọn obìnrin tí ń ṣe epo pupa. Ẹ̀kẹrin wà lórí òjò, ẹ̀karùn-ún wà lórí orúkọ àwọn ọ̀nà oko. Ẹ̀kẹfà wà lórí bàbá rẹ̀. Àwọn olùkọ́ agbègbè wa ń ka márùn-ún àkọ́kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbẹ̀ sì ń wá wọn wá sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ògiri náà tún ní Ìbídùnní kì í fàmì sí ọ̀rọ̀. Ó máa ń ní ọwọ́ òun yára ju àmì lọ. Èmi ni mo máa ń fàmì sí gbogbo rẹ̀, lórí tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú bírò pupa. Akọ̀wé káńsù ni mí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì fẹ́ kí nǹkan wà ní ipò rẹ̀. Ní iwájú ìwé kẹfà, ó kọ Igba Baba Mi. Mo fàmì sí i. Mo sọ ọ́ di Ìgbà Bàbá Mi. Ilé ìtẹ̀wé tẹ igba ẹ̀dà. Nígbà tí páálí tí wọ́n kó wọn sí dé, àìsàn ti dá a dúró sórí ibùsùn. Mo gbé ẹ̀dà kan lé e lọ́wọ́. Ó wo èèpo rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ẹ ti gba igbà lọ́wọ́ bàbá mi." Mo ní ìwé ìtàn ni, ìgbà sì ni ìtàn ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kú. A kò sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ibẹ̀ ni ògiri parí sí. Mo fi ìka kan àmì ìdánudúró tó wà níparí. Ó ṣì tutù.

"Ṣé ẹ ti kà á tán?" Ìbídùnní bi mí. "Ẹ yára. Oòrùn ti dé etí fèrèsé."

Nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Bàbá Oyèwùsì máa ń fi igbà kọ́. Nítorí náà mo ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀, mo sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ́fíìsì mi ní káńsù ni mo bá níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì, kàlẹ́ńdà àti àga mi wà ní ipò wọn. Eruku kò sí lórí ohunkóhun. Mo jókòó, mo sì béèrè igbà lọ́wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ohùn mi kò gòkè, kò sì sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló dọ́gba bí ilẹ̀ pápá.

"Igba kí ni?" kọ́bọ́ọ̀dù bi mí.

Mo tún un sọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ṣí dúrọ́ọ̀ òkè, ó fún mi ní igbá kan tí a ha, tí a sì fọ̀. Mo ní kì í ṣe èyí. Mo tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rọra sọ ọ́. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó fún mi ní ìgbá mẹ́ta tí a fi pépà wé, ìgbá funfun tí a ń jẹ ní tútù.

"Akọ̀wé, mú èyí tó bá wù ẹ́ nínú wọn," ó wí. "Ìwọ lo kọ́ wa pé kí á má fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan tí kò fàmì sí."

"Tó bá jẹ́ ìgbà ni, ó pọ̀ lọ́wọ́ tèmi," kàlẹ́ńdà wí láti ara ògiri. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ wà níbí. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ṣé kí n dì wọ́n fún ẹ?"

Mo ní rárá, mo dúpẹ́. Mo kó ìgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú igbá, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Lẹ́yìn mi, kàlẹ́ńdà sọ fún kọ́bọ́ọ̀dù pé n kò yí padà.

Ìwé kẹta ni mo jáde sí. Ilẹ̀ rẹ̀ funfun. Àwọn ìlà ọ̀rọ̀ dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ bí ebè, mo sì ń gba àárín wọn kọjá kí n má baà tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ṣe epo wà níbi tí ìyàwó mi fi wọ́n sí. Ọ̀kan ń da omi sí ẹyìn tí wọ́n gún, omi náà kò sì tíì dé ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbólóhùn náà parí sí. Wọ́n kí mi pé mo kú ìrìn. Mo dá wọn lóhùn.

Ìyá Rábì nìkan ni kò kí mi. Òun ni ó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin inú ìwé náà. Ó dúró sí ojú ìwé kọkàndínlógún pẹ̀lú abọ́ ńlá lórí, ọrùn rẹ̀ ti kì wọlé.

"Ìwọ nìyí," ó wí. "Ìwọ ọkùnrin oníbírò pupa."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Rábì."

"Má kí mi. Wá bá mi sọ èyí kalẹ̀ ná. Ìyàwó rẹ kọ ọ́ pé mo ru ẹrù lọ sọ́jà. Ọ̀rọ̀ rere. Ìwọ fàmì lé e, o sọ ọ́ di ẹ̀rù. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń ru ẹ̀rù kiri. Ó wúwo ju epo lọ, kò sì sí oníbàárà kankan tó fẹ́ ẹ."

Mo bá a sọ abọ́ náà kalẹ̀. Ẹ̀rù náà wà nínú rẹ̀. Ó tóbi tó adìyẹ tí ó sàba, awọ rẹ̀ dà bí eérú, ó sì ń mí. Ó la ojú, ó wò mí, ó tún pa ojú dé.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

"Sọ fún ta ni? Ṣé ìwọ ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ ojú ìwé náà títí ó fi rí ọ̀rọ̀ tí ó ń wá. Ó fi èékánná hú àmì kan kúrò lórí rẹ̀. Ó gbé e síwájú ojú mi. Kò tó irun ìpéǹpéjú. "Wò ó. Eléyìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi lọ́rùn."

Nígbà tí mo tún wo inú abọ́, kẹ́ẹ̀gì epo méjì àti ìdì ata gbígbẹ kan ni mo rí níbẹ̀. Ìyá Rábì na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ju àmì náà sínú igbá mi, ó sì dún bí hóró ìrẹsì kan. Ó mú ìgbá méjì nínú mẹ́ta tí mo kó lọ́wọ́, ó gé ọ̀kan jẹ.

"Mo ti wo gbogbo ìwé náà," ó wí, ó ń jẹun lọ. "O kì í ṣi òkè fi. Ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ rẹ fẹ́ràn. Gbogbo nǹkan lo fẹ́ fà wálẹ̀."

"Níbo ni igbà Bàbá Oyèwùsì wà?"

"Ó ti wà nílé rẹ láti ọjọ́ tí páálí dé. Abẹ́ àmì ni o kó o sí. Lọ hú u." Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù fúnra rẹ̀, kò ní kí n ran òun lọ́wọ́. "Bá mi kí ìyàwó rẹ. Sọ fún un pé mo ti ń lọ sọ́jà."

Ọ̀nà ilé kò jìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni. Mo kọjá níwájú ibùsùn kejìlá, èyí tí Ìbídùnní dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun lé e, wọ́n sì ti ká etí rẹ̀ wọlé dáadáa. N kò yà síbẹ̀. Bàtà mi ń dún lórí tááìsì títí mo fi dé pálọ̀.

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, ó ti ń gun ara ọ̀pẹ. Ìbídùnní ṣì dúró. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Ìyá Rábì rán mi, inú rẹ̀ dùn. Mo gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, mo sì mú bíléèdì tí mo fi ń fárùngbọ̀n. Igba ẹ̀dà náà wà níbẹ̀ pé. A kò ta ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú páálí náà.

Mo mú èkíní, mo fi etí bíléèdì kan àmì tó wà lórí Ì. Ó ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Mo jù ú sínú igbá. Ìwé náà mí kanlẹ̀, fọ́nrán kan sì yọ jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́nrán imọ̀ ọ̀pẹ ni, ó gbẹ, ó sì gùn tó apá mi. Mo fà á jáde. Mo mú èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a lọ. Bàbá Oyèwùsì ń súfèé lókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Re, dò. Re, dò.

Nígbà tí gbogbo fọ́nrán pé sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọn pọ̀. Wọn kò lọ́. Wọ́n ń ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin wọ́n," Ìbídùnní wí. "Lẹ́yìn náà ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Orí kìíní ni mo kọ ọ́ sí."

"Mo rántí. Mo fàmì sí i."

"Ẹ fàmì sí i lóòótọ́. Ẹ ò kà á ni."

Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó lóṣòó sí iwájú mi, ó bu omi láti inú kọ́ọ̀bù rẹ̀ wọ́n àwọn fọ́nrán náà. Ó di orí wọn mú, mo sì ń lọ́. Ó ń sọ fún mi ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ fún un le àti ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ dẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò tutù. A ṣe é báyìí títí a fi dé àárín. Láti ọdún márùndínláàádọ́ta tí a ti fẹ́ra wa, a kò tíì fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan pọ̀ rí àyàfi ibùsùn títẹ́.

Mo ní, "Mo mọ̀ pé igbà lo ní lọ́kàn. Kì í ṣe àṣìṣe."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀."

"Mo rò pé okùn kéré jù lójú ìwé."

"Okùn yìí ló rán mi níléèwé, Bàbá Dọ̀tun." Ó fa igbà náà wò. Ó yi. "Ẹ so ìdí rẹ̀. Rárá o, ibẹ̀ kọ́. Níbí."

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e gòkè. Mo bọ́ bàtà mi, mo to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo so igbà yí ara mi àti ọ̀pẹ ká gẹ́gẹ́ bí orí kìíní ṣe wí, mo fara tì í sẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, orúnkún ọ̀tún sì máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí níbẹ̀. Igbá tí mo kó àmì sí wà nísàlẹ̀. Ìgbá kan tí ó kù wà nínú àpò mi.

Mo gba inú àjà kọjá. Yàrá kan ṣoṣo tí a kọ́kọ́ gbà nígbà tí a ṣègbéyàwó ló wà lókè rẹ̀. Ìrẹsì ń hó lórí sítóòfù. Ìbídùnní jókòó sórí ẹní, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù tí a lọ̀ dáadáa, ó bi í pé kí ni ó ń kọ. Ó ní igbà bàbá òun. Ọkùnrin náà ní ta ló máa ka ìwé tí a kọ lórí okùn. Ó pa ìwé náà dé, ó lọ wo ìrẹsì. Mo mọ ẹ̀wù náà. Mo sún igbà sókè, mo sì kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gba inú páànù kọjá, mo sì bọ́ sí gbangba. Bàbá Oyèwùsì wà níbẹ̀. Oòrùn ti dé etí rẹ̀. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dọ́gba.

"O pẹ́," ó wí.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Mo fún un ní ìgbá. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ó ní ó korò dáadáa. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí igbà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí a lọ́ ọ pọ̀ láti orí dé ìdí. Mo mọ̀ pé tí nǹkan kan bá kù, yóò sọ.

Igbà kan ṣoṣo ni, ènìyàn méjì sì ni wá. Mo fi ọwọ́ kan di imọ̀ mú, mo tú igbà kúrò lára mi, mo sì nà án sí i.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ, Bàbá."

Ó so ó mọ́ ara rẹ̀ láìwò ó. Ó fara tì í, ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ara ọ̀pẹ, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo wo ìsàlẹ̀. Láti òkè, mo rí gbogbo pálọ̀ wa láti inú ihò àjà, ó kéré bí àpótí. Bàbá Oyèwùsì dé ilẹ̀. Ó fi igbà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìbídùnní kúnlẹ̀ kí i, ó gbé igbá àwọn àmì náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dà wọ́n sílẹ̀ fún adìyẹ, àwọn adìyẹ náà sì ṣà wọ́n jẹ tán. Ó padà wọlé. Ó jókòó. Àga náà dún bí ó ṣe máa ń dún tí ó bá jókòó sí i.

Ó mú ẹ̀dà kan, ó ka àkọlé rẹ̀ sókè fún bàbá rẹ̀. Re, dò. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà.

"Bàbá, ṣé ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ lókè ni?" ó bi í lẹ́yìn náà.

"Akọ̀wé ni. Fi í sílẹ̀. Kò ní ṣàìrí nǹkan fàmì sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ tí páálí dé kọ́. Ó gbé ojú sókè, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí nítorí oòrùn, ó ní, "Ẹ rọra dì í mú o, Bàbá Dọ̀tun." Lẹ́yìn náà ó ṣí orí kìíní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo di imọ̀ mú. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà padà sórí ọ̀pẹ, wọ́n ń pariwo, wọn kò kà mí sí. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé àmì kan kù lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò mi. Ó pupa, ó sì ń mí díẹ̀díẹ̀. Mo gbé e sí oòrùn. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi í lé lórí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lókè níbẹ̀.